Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbọ́ Nípa Ẹ̀rọ Àyà Mi

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá mi, ní Camp Johnson Road, ní Monrovia. Màá máa wọn ánkárá fún oníbàárà lọ́wọ́, ojú mi á ṣàdédé ṣókùnkùn, ó parí. Àwọn kan ní wárápá ni. Dókítà ló wá ṣàlàyé pé ọkàn mi ń lọ́ra, pé ó máa ń gbàgbé láti lù. Wọ́n la ìsàlẹ̀ èjìká mi òsì, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì sí abẹ́ awọ, wáyà rẹ̀ sì wọ inú ọkàn mi lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò dákú mọ́.

Ìyá mi yọ̀ títí, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi: "Gbogbo ẹnu kọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ o. Bí àna bá gbọ́, wọn ò ní fẹ́ ọ." Èmi náà gbà. Nínú ooru ìlú náà, bùláòsì tó bo ọrùn ni mò ń wọ̀ kiri, mo ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé oge ìgbàlódé nìyẹn. Ọ̀dẹ̀ gidi ni mí!

Tíṣà tó fẹ́ fẹ́ mi mọ̀ nípa rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń ba àwa méjèèjì lẹ́rù. Wọ́n ní ó ti kọ àfẹ́sọ́nà àkọ́bí rẹ̀ nítorí ikọ́ lásán. Lọ́jọ́ tó ti Brewerville wá wò mí, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ara rẹ le?"

Ìyá mi ti gbà á lẹ́nu mi: "Koko lara rẹ̀ le bí ọta!"

N kò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Mà, ẹ̀rọ wà láyà mi. Òun ló ń jẹ́ kí ọkàn mi máa lù."

"Mo gbé!" ni ìyá mi ké.

Mò ń retí kí àlejò wa dìde. Gbogbo àwọn tó ti gbọ́ ṣáájú, ohun tí wọ́n ń bi mí ni bóyá màá lè bímọ, àti kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí bátìrì bá kú. Obìnrin yìí fà mí mọ́ra, ó fi ọwọ́ kan ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí aṣọ.

"Áà, ọmọ ọlọ́mọ! Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ni mo bá bú sẹ́kún. Ó ń dùn mí lóòótọ́, pàápàá bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. N kò tí ì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Mo ti dàgbà báyìí, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìyá ọkọ mi ti lọ. Ọlọ́run yóò kẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ọkọ mi o, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ fún un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ni mo gbà láti bá relé.