Mà Yọ-Ọ́-Kúrò àti Bọ́ọ̀sì Elérò Mẹ́rin

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń pe olùkọ́ ìṣirò ilé ìwé wa ní orúkọ rẹ̀. Mà Yọ-Ọ́-Kúrò ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ o, nítorí ojú rẹ̀ le. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ yìí. Láràárọ̀, kó tó mú ṣọ́ọ̀kì, á na ìka sókè, á ní: "Tẹ́ ẹ bá ti rí 'ló kù' nínú ìbéèrè ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì á ké: "A ó yọ ọ́ kúrò!" "Tẹ́ ẹ bá rí 'àpapọ̀'?" "A ó rò ó pọ̀!" Àwa olùkọ́ tó wà ní yàrá kejì ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa mọ́. Ó fẹ́ràn ariwo yẹn ju tíì àárọ̀ lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní ìwé kíkà. Mà Yọ-Ọ́-Kúrò ló kọ́ àbúrò yìí ní òǹkà nígbà tó ṣì wà ní kékeré, kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Tí àbúrò bá dá sí ọ̀rọ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹ̀gbọ́n á ní: "Ìwọ tí mo fi ìka ẹsẹ̀ kọ́ ní ení, èjì?" A ó rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà á rẹ́rìn-ín, á sì dákẹ́.

Ìdánwò àjùmọ̀ṣe, èyí tí gbogbo ilé ìwé ń ṣe lọ́jọ́ kan náà, ló kó wàhálà dé. Ọdún méjì tó tẹ̀léra, èsì ìwé kíkà ń gòkè, ti ìṣirò ń wálẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé pè é, ó rọra sọ ọ́: "Mà, tí ìṣirò bá tún wálẹ̀ lọ́dún yìí, màá gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ yín. Yàrá tí à ń kó ìwé sí lẹ ó máa bójú tó." Obìnrin tó ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kí wọ́n ní kó lọ máa nu eruku orí ìwé! Ó dùn ún wọ egungun.

Ó fún àwọn ọmọ ní ìdánwò ìgbáradì. Ìbéèrè tó rọrùn jù ló fi bẹ̀rẹ̀: èrò mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan, méjìlá ló kù. Èrò mélòó ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Nígbà tó ń máàkì, ìwé àkọ́kọ́ ní mẹ́rin. Èkejì, mẹ́rin. Ó ń ṣí i lọ, mẹ́rin, mẹ́rin, bí ẹni pé ẹnu kan ni gbogbo wọn fi sọ ọ́. Inú bí i. Wọ́n ti jí ìwé ara wọn wò! Ó pe ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú, ọmọ tí kò mọ irọ́ pa.

"Ta lo wo ìwé rẹ̀?"

"Mi ò wo ti ẹnì kankan, mà. Mo rí 'ló kù', mo sì yọ ọ́ kúrò."

"Ka ìbéèrè yẹn sí mi létí."

Ọmọ náà kà á. Ó tún un kà, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Mà! Ẹni mẹ́rin wà nínú ọkọ̀, ẹni mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀, ẹni méjìlá ṣì jókòó? Irú bọ́ọ̀sì wo nìyẹn?"

"Ṣé o ò kà á tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ ò ní ká kà á, mà. Ẹ ní ká wá 'ló kù'."

Mà Yọ-Ọ́-Kúrò gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á, nítorí àwọn ọmọ yẹn kò ya olódo rárá. Ohun tó kọ́ wọn gan-an ni wọ́n ṣe.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n kí àgbà tó lọ tọrọ ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ní ení, èjì, á kọ́kọ́ dá itọ́ mì. Ó dá tirẹ̀ mì. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kíláàsì àbúrò rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì kékeré, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ ń fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò wò ó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn ọmọ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, kí wọ́n ka ìtàn náà tán, kí kálukú sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì í láìwo ìwé. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì kà á nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n gbé ọgbọ́n yìí lọ sí kíláàsì ìṣirò. Bọ́ọ̀sì yẹn náà ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún kọ mẹ́rin. Ariwo àràárọ̀ dópin. Ó sọ fún mi pé ó ń ṣe òun bíi pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró sẹ́yìn fèrèsé, èmi náà dúró tì í. Lọ́dún tó kọjá, kí aago tó dákẹ́ ni pẹ́ńsù ti ń sáré lórí ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, aago lù, kò sí pẹ́ńsù kan tó mì. Olùṣọ́ ìdánwò jáde wá, àánú wa ń ṣe é.

"Mà, ó dà bíi pé àwọn ọmọ yín ò mọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn ń wo ìwé ni."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló ní. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Wọ́n ń kà á ni."

Èsì dé. Ìṣirò gòkè, kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ó tó. Kíláàsì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A kí i títí ní yàrá àwọn olùkọ́. Àbúrò fẹ́ dá sí i, ó rántí ara rẹ̀, ó dákẹ́. Mà Yọ-Ọ́-Kúrò dìde, ó gbé àga tirẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jókòó sí, ó gbé e síwájú àbúrò rẹ̀.

"Ẹ jókòó, olùkọ́ mi," ló wí. "Ẹ sọ tẹnu yín. À ń gbọ́."