Oúnjẹ Àárọ̀ Tí Mo Fi Sílẹ̀ àti Wákàtí Tí Mi Ò Rántí

Òwú ni kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ní Fìdítì. Ọyẹ́ ń fẹ́ níta débi pé àwọn oníbàárà ń fi ìborùn bo etí, àmọ́ èmi ń làágùn. Òógùn náà tutù. Ó ń ṣàn láti ìpàkọ́ lọ sí ẹ̀yìn mi. Ọwọ́ tí mo ti fi ń ránṣọ láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ ń gbọ̀n, ojú abẹ́rẹ́ sì di méjì níwájú mi. Mo ju òwú sílẹ̀, mo gbórí lé ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù.

Nígbà tó ṣe, mo jẹ búrẹ́dì díẹ̀, ó sì lọ. Ohun tó bá ti lọ, èèyàn kì í sáré tẹ̀lé e láti bi í pé níbo lo ti wá.

Rìsíkátù lorúkọ mi. Ìyá Látífà làwọn aládùúgbò ń pè mí. Mò ń sọ ìrírí yìí fún ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo oògùn, tó sì ń wá bí òun ṣe máa jò. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi àti ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi nìkan ni mo mọ̀.

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ṣúgà fi ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ tí a bá jẹ á di ṣúgà nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gbé e kiri. Ohun kan wà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ínsúlínì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà, kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó wọ inú ẹran ara lọ di agbára. Lára tèmi, ilẹ̀kùn náà ti le. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró kan tí mo ń lò láàárọ̀, tó ń ti ara láti tú ínsúlínì jáde sí i. Wọ́n ní bí mo bá ti lò ó, kí n jẹun. Wọ́n tún ní kí n dín ara kù, torí mo sanra, ọ̀rá ikùn sì wà lára ohun tó ń mú ilẹ̀kùn náà le. Gbólóhùn kejì yìí ni mo mú lọ sílé.

Ìyá Mùbáráká, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń lọ sí àsàláátù, ti jò nígbà náà, ojú rẹ̀ ti tún bọ̀ sípò bíi ti ọmọge. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe.

“Oúnjẹ àárọ̀ ni mo fi sílẹ̀,” ló wí. “Ó di ọ̀sán kí n tó fi nǹkan kan ẹnu. Ṣebí a máa ń gbààwẹ̀? Kí ló wá le níbẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀, ebi kò sì fìgbà kankan dá mi dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò purọ́ fún mi o. Ó ṣiṣẹ́ fún òun. Àmọ́ òun kò ní àtọ̀gbẹ, kò sì sí oògùn kankan tó ń lò. Kò sẹ́ni tó rántí èyí nínú àwa méjèèjì.

Mo bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, mo máa fi omi mu oògùn mi, mo máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí ìbàdí aṣọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ pé mo ti ń di ọmọdé. Òógùn tútù náà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó di ọ̀sán. Ètè mi á máa kú tipiri. Nígbà míì, inú á máa bí mi sí oníbàárà tí kò ṣẹ̀ mí. Mo rò pé ọ̀rá ló ń yọ́ lára mi. Inú mi tiẹ̀ ń dùn sí i.

Látífà ọmọ mi ń ṣe tíṣà ní Awẹ́. Bí ẹni tó ń bá a wo ọmọ rẹ̀ kò bá wá, ọ̀dọ̀ mi ló máa ń gbé Àíṣà wá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti lo oògùn mi nígbà tí Látífà gbé e dé.

“Ẹ kú àárọ̀, mà. Ó ti mu ògì,” ló wí, ó sì yára jáde lọ wọkọ̀.

Mo pọn ọmọ náà. Mo rántí pé mo so ọ̀já. Mo rántí bí orí rẹ̀ ṣe gbóná sí mi láàárín èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

Ẹnu àwọn ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ìdòwú, ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Akínmọ̀rìn, ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní etí ọ̀nà márosẹ̀ ni mo ń rìn, tí atẹ́gùn tírélà ń fẹ́ aṣọ mi. Bàtà kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀já ti ń tú, Àíṣà ti rọ̀ sí apá kan, ó ń sunkún. Ìdòwú fọn fèrè, mi ò wẹ̀yìn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì dúró níwájú mi.

“Ìyá Látífà, níbo lẹ̀ ń lọ?”

Ó ní mo wò ó bí ẹni ń wo igi. Ó ní ohùn mi tutù, mo sì dá a lóhùn pé, “Màámi ń dúró dè mí.”

Ìyá mi ti kú tipẹ́. Akínmọ̀rìn la sin ín sí.

Ìdòwú dì mí mú. Mo tì í, mo sì bù ú jẹ lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá, ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn mi. Èrò pé. Ẹnì kan ní ẹ̀mí àìrí ló ń bá mi jà. Ẹlòmíì gbé omi wá pé kí wọ́n dà á sí mi lẹ́nu, torí mo ti ń ṣubú, eyín mi sì ti wa pọ̀. Ọlọ́sàn náà ní rárá. Wọ́n dá mọ́tò kan dúró, òun gbé ọmọ, Ìdòwú gbé mi mọ́ra, wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí.

Nọ́ọ̀sì gún mi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ sára ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo ṣúgà, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló sì ń wá iṣan mi láti fa omi ṣúgà sí i. Ó sọ fún ọkọ mi, nígbà tó dé, pé ṣúgà ló já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣúgà ni ọpọlọ ń jẹ, kò sì ní àká tó ń kó o pamọ́ sí. Bó bá ti wọ́n, ara á kọ́kọ́ ké: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà jíjá, ebi òjijì. Bí a kò bá dá a lóhùn, iyè á ra. Èèyàn lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó má sì sí nílé. Ó ní ó dáa bí wọn kò ṣe da omi sí mi lẹ́nu. Bí ẹni náà bá ṣì mọ ara rẹ̀, tó lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n fún un ní omi ṣúgà tàbí mínírà olóṣúgà kíákíá, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Bí kò bá lè gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun já sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn nìkan ló kù.

Òórùn sípíríìtì ni mo jí sí. Bàbá Látífà, ọkọ mi, jókòó tì mí, ó gbé bàtà kan lé orúnkún. Aṣọ oko ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀já ni mo fọwọ́ wá láyà mi, kò sí níbẹ̀.

“Àíṣà ńkọ́?”

Ó kọ́kọ́ gbé bàtà náà sílẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú. Láàárín ìbéèrè mi àti ìdáhùn rẹ̀ ni mo ti darúgbó.

“Ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Kò sí ohun tó ṣe é.”

Wọ́n gbé wa lọ sí Ọ̀yọ́, torí irú oògùn tí mo lò kì í tètè kúrò lára. A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń wúkọ́ àti àwọn tó ń sùn lórí èjìká ara wọn, omi ṣúgà ṣì ń kán wọ iṣan mi. Orí tún ń fò mí lọ kó tó kàn wá. Wọ́n gún ìka mi, ó tún ti já wálẹ̀. Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀ títí ara mi fi dá ṣáṣá. Ẹ̀rù oorun ń bà mí. Bí mo bá ti fẹ́ sùn, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan fẹ́ wá yá ẹsẹ̀ mi lò.

Dókítà tó tọ́jú mi kò ju Látífà lọ lọ́jọ́ orí.

“Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan. Mo fẹ́ jò ni.”

“Oògùn yín ńkọ́?”

“Mo lò ó.”

Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. “Oògùn yẹn kò mọ̀ pé ẹ ò jẹun. Iṣẹ́ tí a rán an ló ń jẹ́.”

Mo bi í bóyá dandan ni oúnjẹ àárọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jò. Ó ní kì í ṣe dandan fún gbogbo èèyàn. Ẹlòmíì kì í jẹ láàárọ̀, ó sì ń jò. Ẹlòmíì kì í jẹ láàárọ̀, á wá jẹ ìlọ́po rẹ̀ nígbà tó bá yá, á tún sanra sí i. Àpapọ̀ ohun tí èèyàn ń jẹ ló jà jù, àti ohun tó lè máa bá lọ láìsú u. Àmọ́ ẹni tó ń lo irú oògùn tí mo ń lò kò gbọ́dọ̀ fo oúnjẹ láìsọ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀.

“Ààwẹ̀ tí mo ti ń gbà ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ṣé wọn ò yí aago oògùn yín padà nígbà ààwẹ̀?”

Wọ́n yí i. Mo rántí. Ìgbà ìṣínu ni wọ́n ní kí n máa lò ó, mo sì ń jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò fìgbà kankan ronú kan ìdí rẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìyá mi. Òun náà ní àtọ̀gbẹ. Ní àárọ̀ tó kú, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn, ó ń pe àwọn tí kò sí láyé mọ́ lórúkọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. A jókòó yí i ká. A ní àwọn ará ọ̀run ló wá pàdé rẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní ká má dí i lọ́nà. Mi ò lè sọ pé ohun tó ṣe mí ló pa á. Ó ti dàgbà, àìsàn rẹ̀ sì pọ̀. Mo bi dókítà náà, ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́. Síbẹ̀, òógùn yẹn ni mo máa ń rí. Ṣúgà wà nínú agolo lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, nínú yàrá tó kú sí.

Wọ́n yí oògùn mi padà lẹ́yìn tí wọ́n yẹ kíndìnrín mi wò. Èyí tí mò ń lò báyìí kì í sábà fa ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹ nǹkan díẹ̀ láàárọ̀: ẹyin sísè kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́, tàbí mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ògì tí mi ò fi ṣúgà sí. Mo dín ẹ̀bà alẹ́ kù, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Mo jò. Ó pẹ́ gan-an ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó dúró. Èmi fúnra mi ni mo ń gba àwọn aṣọ mi tó ti dẹ̀ wọlé lórí ẹ̀rọ. Ààwẹ̀ ni mi ò gbà mọ́, wọ́n ní kí n má ṣe é. Mò ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé bá jí jẹ sààrì, mo máa ń dìde bá wọn jókòó, ó sì máa ń dùn mí.

Látífà kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó kàn wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ sí ní Awẹ́, ó sì ń gbé Àíṣà lọ síbẹ̀. Bó bá wá kí mi, ọmọ náà á wà lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀. Mi ò sọ pé kí ló dé.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí Ìdòwú gbé mi lọ síbi tó ti rí mi. Àpá eyín mi ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó nawọ́, ó ní, “Ibí yìí ni, mà.” Mo bọ́ sílẹ̀. Koríko ni, àti ike omi. Tírélà kan kọjá, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró kí nǹkan kan lè padà wá sí mi lọ́kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìró ẹkún ọmọ. Kò sí. Ara mi ti dé ibí yìí láìsí èmi, ó gbé ọmọ ọmọ mi lẹ́yìn, ó ń wá ẹni tó ti kú lọ.

Nígbà tí ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo, Látífà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ti ilé ìtọ́jú ọmọ náà pa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lápá rẹ̀.

“Ẹ ti jẹun?” ló bi mí.

“Mo ti jẹun.”

Ó wò mí lójú títí. Ó wá sọ ọmọ sílẹ̀, Àíṣà sì sáré wá dì mọ́ ẹsẹ̀ mi. Mi ò pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà. A jókòó sílẹ̀, a ń fi àkísà aṣọ ṣeré, títí ìyá rẹ̀ fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìdòwú àti ọlọ́sàn tí kò sá fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi náà, tó ké sí mi ní gbogbo ọ̀nà tó mọ̀, tí mo pe igbe rẹ̀ ní ọ̀rá tó ń yọ́. Mo ti bá a rẹ́, àmọ́ mi ò fọkàn tán an tán. Láàárọ̀ míì, bí òógùn díẹ̀ bá yọ níwájú orí mi, ì báà jẹ́ ti ooru lásán, mo máa ń di ògiri mú, mo máa ń sọ ọ́ sókè pé: Rìsíkátù ni mí, Fìdítì ni mo wà, màámi ti kú. Bí mo bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ara mi, tó sì tọ̀nà, mo máa ń sọ pé àlùhàmúdù, mo máa ń lọ gbé omi kaná.