Ìyá Oníná àti Ọkọ̀ Tó Ń Já Ẹrù Láti Abẹ́

Ọmọ jórinjórin ni Ìyá Oníná. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tí bàbá rẹ̀ fi gbé awò dúdú lé e lójú, tó ní kó wo bí irin méjì ṣe ń yọ́ kí wọ́n tó di ọ̀kan. Bàbá náà kò bí ọmọkùnrin, kò sì jọ pé ó dùn ún. Nígbà tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún ẹ̀rọ, ó jogún ṣọ́ọ̀bù, ó tún jogún àwọn oníbàárà tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n á rí ọkùnrin kan níbẹ̀.

"Èmi náà ni," ni ó máa ń sọ fún wọn. "Kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn. Gbé irin ẹ sílẹ̀."

Tí wọ́n bá padà wá gbé e, wọ́n á máa fi ọwọ́ wá ojú ibi tó ti jó o, wọn ò ní rí i.

Awakọ̀ típà ni ọkọ rẹ̀. Bọ́dì ọkọ̀ tó ya ló kọ́kọ́ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó jókòó sórí táyà títí iṣẹ́ fi parí, ó ń dá obìnrin náà lẹ́rìn-ín débi pé ó ṣí awò kúrò lójú lẹ́ẹ̀mejì láti nu omi ojú. Nígbà tó tún gbé ọkọ̀ náà padà wá lọ́jọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ gbé. Wọn ò rí ọmọ bí, àmọ́ ìyá ọkọ wà pẹ̀lú wọn nínú ilé yàrá mẹ́ta náà, àbúrò ọkọ sì ń wọlé ń jáde bó ṣe wù ú, nítorí náà ilé náà kì í dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, ọkọ rẹ̀ kó yanrìn tútù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ilẹ̀ ibẹ̀ fì díẹ̀ sí apá kan. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè kí yanrìn lè ṣàn jáde. Ti ìsàlẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ti òkè lẹ̀ mọ́ irin, kò yẹ̀. Gbogbo ìwúwo ẹrù wá wà lókè ténté. Ọkọ̀ náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa rí irin gbé kúrò lórí ọkọ rẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

Ìyá ọkọ kò ké, kò fi ara gbolẹ̀. Ó kàn ń bi gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn pé, "Ṣé dandan ni kí wọ́n gbé e sókè ni?"

Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ẹ ṣe ọkàn yín gírí." Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Oníná nìkan ló gbọ́ ìbéèrè náà bíi pé ìbéèrè gidi ni. Ó gbé e sọ́kàn fún oṣù méjì. Ní oṣù kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé agolo wàrà.

Ó máa ń gé ìdí agolo kúrò, á fi híńjì kékeré so ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á da yanrìn tútù sí i, á ṣí ìdí rẹ̀, á sì máa wò ó. Tí ìdí agolo bá tẹ́jú, yanrìn á jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ó wá ń tẹ ẹ̀gbẹ́ agolo wọ inú díẹ̀díẹ̀, kó lè rí bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri.

Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Ìyàwó, ṣé yanrìn lo tún padà wá ń fi ṣeré ni?"

"Màmá, ìdáhùn yín ni mò ń wá."

Agolo mẹ́rìnlá ló bàjẹ́. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún da gbogbo yanrìn inú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ku bíńtín.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé agolo náà lọ. Awakọ̀ lòun náà, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ó dúdú, ó ń dán, nítorí náà Adúmáadán ni ìyàwó ilé ń pè é. Ìyá Oníná fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ, síbẹ̀ ọkọ lọmọ náà jẹ́ sí i, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á máa fi ìyẹn ṣakọ. Adúmáadán gbé agolo lọ fún Mánẹ́jà ilé-iṣẹ́ wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í yé wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mánẹ́jà ṣí ìdí agolo, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan wà lẹ́yìn ọgbà, kí obìnrin náà wá fi dánra wò.

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò dáa. Lábẹ́ ọkọ̀ ni ṣáàfù wà, irin gígùn tó ń yí, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdí bọ́dì, orí rẹ̀ gan-an ni òkúta dà lé. Ṣáàfù tẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan ní kí Ìyá Oníná padà sídìí irin fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò ká a mọ́ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan, ó gbójú sókè, ó rí i bí omi ṣe ń pín sí méjì lórí páànù ilé òdìkejì, tí kò sì sí ẹ̀kán omi kan lára ògiri tó wà láàárín. Kò dúró kí òjò dá. Ó sáré lọ sílé nínú rẹ̀.

Ó jó irin pẹlẹbẹ méjì pọ̀ bí orí ilé, ó gbé e kalẹ̀ sí àárín bọ́dì, lókè ṣáàfù, ó sì ṣe ilẹ̀kùn kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Okùn irin dì wọ́n mú, ọ̀pá tó ń tú okùn náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀. Adúmáadán ló wà á lọ́jọ́ ìdánwò kejì. Ó fa ọ̀pá. Òkúta wẹ́wẹ́ pín sí méjì, ó ń tò sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kò gbé sókè bí ìka kan. Adúmáadán bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó nínú eruku. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Màmá náà wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé èyí ti wà..."

Ìyá Oníná tún fi nǹkan kan sí i. Irin ìdábùú ni, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Awakọ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀, kó fa ìdábùú jáde kó tó lè já ẹrù, kó sì tì í padà tó bá ṣe tán. Tí ìdábùú bá wà níbẹ̀, bí okùn já, bí ọ̀pá yọ, ilẹ̀kùn kò lè ṣubú lé ẹnikẹ́ni.

Ilé-iṣẹ́ ṣe é sí ọkọ̀ mẹ́rin. Kò pẹ́ tí Mánẹ́jà fi ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá Oníná, àwọn dẹ́rẹ́bà ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù, wọ́n tún ń sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n bá já a tán. Ṣé ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tí ìyẹn ń jẹ lójúmọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ẹni tí bọ́dì yẹn máa jẹ ni mo mọ̀, tí ìdábùú ò bá sí."

"Okùn irin ti dì í mú."

"Okùn irin máa ń já, sà."

"Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ẹ̀, ó parí. Ẹ bá mi gé e kúrò."

Ó kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ̀. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé nítorí irin obìnrin kan làwọn ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Adúmáadán fúnra rẹ̀ ló wá bá a nílé lọ́sàn-án Sunday kan, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí.

"Ìyàwó, gé e jàre. Nínú oòrùn, nínú òjò, èmi ni mò ń sọ̀, èmi ni mò ń gùn. Orúnkún ń dùn mí bíi ti arúgbó."

"Tí èèyàn bá wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, ọkọ mi?"

"Ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀? Èmi? Ẹ gbà mí o! Ṣé mo jọ wèrè lójú ẹ ni?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Ní àárọ̀ Monday, Ìyá Oníná gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gé ìdábùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ náà kò tó wákàtí kan. Ó kó àwọn irin náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi wọ́n ti ògiri, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá òun ló ń bẹ̀rù jù.

Oṣù márùn-ún kọjá láìsí wàhálà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òkúta ńlá kan há sí ẹnu ilẹ̀kùn apá òsì ọkọ̀ Adúmáadán. Ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀, ó dúró. Ọkọ̀ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè, wọ́n ń pariwo pé kó ṣe kíá. Tó bá jẹ́ pé ìdábùú wà, ìyẹn ni ì bá kọ́kọ́ tì padà. Kò sí. Ó mú irin kan, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì ń fi irin gún òkúta náà. Òkúta bọ́. Ilẹ̀kùn àti gbogbo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ já lé e lẹ́sẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó lajú, Ìyá Oníná ló kọ́kọ́ rí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Èmi ni mo ní kó o gé e, Ìyàwó. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nǹkan míì fún ẹ."

Màmá náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kejì. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ pẹ́. "Ọmọ méjì péré ni mo bí," ló sọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún pè é ní nǹkan kan mọ́. Tó bá nílò omi, á kọjú sí ògiri, á ní omi ti tán.

Ilé-iṣẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí Ìyá Oníná pé kó wá fọwọ́ sí i. Ìwé náà sọ pé Ìyá Oníná ló ronú ṣe bọ́dì náà, òótọ́ ni. Ó sọ pé obìnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìdábùú, òótọ́ ni. Ó sọ pé awakọ̀ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ti ní kí Adúmáadán tẹ̀ka sí ìyẹn lórí ibùsùn. Ìyá Oníná kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń wá ibi tí Mánẹ́jà wà nínú rẹ̀. Kò sí níbì kankan. Ó wá irọ́ nínú rẹ̀ tó máa tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kò rí irọ́. Ó fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kó àwọn ìdábùú tó fi ti ògiri, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ náà lọ. Ó bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin padà. Àwọn awakọ̀ dúró, wọ́n ń wò ó. Àwọn tó ń kùn nígbà náà ló ń bá a di irin mú. Ó ti wà lórí ẹ̀kẹta nígbà tí Mánẹ́jà dé.

"Ta ló rán ẹ? Mo ní ta ló rán ẹ, obìnrin yìí?"

Kò ṣí awò lójú. Ó jó o títí ó fi dé ìparí ojú irin náà kó tó dìde. Wọ́n tì í jáde ní géètì pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gbọ́ pé wọ́n ti wá jórinjórin mìíràn, ó ti gé gbogbo wọn.

Adúmáadán ń gbé lọ́dọ̀ wọn nísinsìnyí, ní yàrá iwájú. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó ń ṣe àwàdà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ bàtà rírà. Àwàdà náà tán. Ìyá Oníná mú ìwọ̀n rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ tó lè jókòó sí, ó kùn ún ní àwọ̀ búlúù, ó tì í wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà. Adúmáadán wò ó látòkè délẹ̀.

"Ó dáa," ló sọ. "Iṣẹ́ ẹ máa ń dáa. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ẹ wá, Ìyàwó, mi ò gùn ún mọ́."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

Ìyá Oníná fún obìnrin kan ní òpin àdúgbò ní kẹ̀kẹ́ búlúù náà. Ọ̀rẹ́ Adúmáadán kan wá bá a wá kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, èyí tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ wọ́. Kò tó oṣù méjì tí ẹsẹ̀ náà fi kán. Adúmáadán ní kí wọ́n bá òun pe jórinjórin láti ọ̀nà kejì.

Ọkùnrin náà dé, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí iwájú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ìyá Oníná dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ tó ń fọ̀ lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, ó rí i pé òkè nìkan ni iná náà mú, inú irin náà kò yọ́. Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí á fi tún kán. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí títì.

Ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ Ìyá Oníná? Ojú tì í díẹ̀. Ó ṣí awò lójú, ó kọjú sí Ìyá Oníná, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti mú?"

Adúmáadán ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ tún abẹ́ rẹ̀ jó," ni Ìyá Oníná wí, ó sì gbé abọ́ wọlé.