Ọjọ́ Sànìtéṣọ̀n Ni Wọ́n Wá Ka Èrò ní Fìdítì

Ẹ gbà mí o!

Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ọgbà jángílófà n'Íbàdàn ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ òmíràn sí. Bí wọ́n bá mú Fìdítì wa, bóyá mo lè ríṣẹ́ síbẹ̀, kí n yéé wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn láràárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló bá wọn mú ọjọ́.
"Ọjọ́ sànìtéṣọ̀n ni kí wọ́n wá. Kò sẹ́ni tó máa lọ oko tàbí ibiṣẹ́. Gbogbo ìlú ló máa wà nílé!"

A wà nílé lóòótọ́. Ẹ̀yìnkùlé la ti ń roko.

Àwọn àlejò, tí wọ́n ti sùn sílé wa lánàá, gbé àga sẹ́bàá títì láti ka èrò àti mọ́tò tó ń kọjá. Ibi tí èrò bá ti ń kọjá ni wọ́n ń kówó lé. Ewúrẹ́ nìkan ló ń kọjá.

"Bàbá, ìlú yín mà dákẹ́ o."
"Gbogbo wọn ń bẹ nílé!"
"Àwọn tó ń jáde là ń wá, bàbá."

Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ pariwo ká àdúgbò, àmọ́ àwọn wolé-wolé wà níta. Wọ́n á mú ẹni tó bá rìn.

Bí wọ́n ṣe ṣí títì báyìí, àwọn àlejò wọ mọ́tò.
"Ìlọràá ló kàn."
Bí mọ́tò wọn ṣe lọ lèrò Fìdítì ń tú jáde sí títì!

Ẹ̀yin ará Ìlọràá, ẹ dákun, ṣé ẹ lè padà wọlé díẹ̀?