Ìdáríjì Tí Mo Fi Máìkì Ṣe

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: inú máa ń bí mi. Kì í ṣe díẹ̀ o.

Èmi ni mò ń tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlódè. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Kásẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbọ́, tí mi ò bá gbọ́ ibì kan dáadáa, màá fi bírò yí i padà, màá tún un gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ dàgbà ló máa ń lé orin.

Lọ́jọ́ rìhásà kan, ọwọ́ mi ṣì. Ó ṣì burúkú. Ọ̀rẹ́ mi dá orin dúró, ó wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fa ewúrẹ́ wá láti Sábó? Mò ń gbọ́ igbe ẹ̀ nínú píánò."

Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Tàwọn ọmọbìnrin ló dùn mí jù.

Bí mo ṣe bá a yan odì nìyẹn, oṣù méjì gbáko. Tó bá fẹ́ kí n gbé kíì orin sókè, á sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ta gìtá láàárín wa, "Bá mi sọ fún ẹni tó wà nídìí píánò kó gbé e sókè."

Èmi náà á ní, "Bi í pé ṣé ọ̀run ló ń lọ ni?"

Tá a bá ń gba àdúrà Olúwa, tá a bá ti dé ibi ìdáríjì yẹn, ńṣe ni màá kàn máa kùn hùn-ùn dípò kí n kà á.

Ìyàwó pásítọ̀ wá pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti dárí ji ọ̀rẹ́ ẹ?"

Mo ní, "Mo ti ń gbàdúrà sí i, mà."

"Mi ò ní kó o gbàdúrà sí i. Mo ní kó o ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní kọrin lọ́jọ́ Àjíǹde."

Ó dáa. Mo ṣe é. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, lásìkò ẹ̀rí, mo gba máìkì.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

Mo ní mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́ láti dárí ji ọ̀rẹ́ mi tó pè mí ní ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ohùn tiẹ̀ gan-an dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àgbá lórí kọnkéré, èmi ni mo sì ń fi píánò bò ó láṣìírí. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó bí ọba.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó pásítọ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ìdáríjì nìyẹn, àbí o kàn fi halelúyà gbẹ̀san?"

Ọ̀rẹ́ mi ò wá mọ́. Sọ́ńdè kan kọjá, èkejì kọjá. Mò ń tẹ píánò, ohùn tí mo ní ó dà bí àgbá yẹn náà ni etí mi ń wá kiri. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ọ̀rẹ́ ni mo fẹ́ pàdánù, kì í ṣe olórin.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Edunabon, níbi tó ti lọ bá bàbá ẹ̀ lóko. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo, fún ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́ta jù lọ!

"Jọ̀ọ́, má bínú. Mo ní mo dárí jì ẹ́, irọ́ ni."

Kò gbójú sókè. "Dìde lórí èèpo yẹn. Ewúrẹ́ fẹ́ jẹ ẹ́."

Ewúrẹ́ kẹ̀! Ara mi gbóná. Mo mú un mọ́ra.

Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́." Mo mí kanlẹ̀. Ó wá ní, "Tó bá di ọjọ́ Àjíǹde, màá jẹ́rìí sí i."

Mi ò rí oorun sùn. Kí ni ọmọ yẹn ò mọ̀ nípa mi?

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ó gba máìkì lóòótọ́. "Ẹ yin Olúwa!" Gbogbo ìjọ dáhùn. Ó wò mí títí, òógùn bò mí.

Ó kàn bú sórin ni. Ó sì gbé e ga jù, bó ṣe máa ń ṣe. Tó bá jẹ́ ìgbà tá à ń yan odì ni, màá fi í sílẹ̀ lókè níbẹ̀ kó máa jìyà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sáré wá a kiri lórí píánò títí mo fi bá a.

Bá a ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó tẹ̀ sún mọ́ mi, ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu, ó ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Mo dúró kí inú bí mi, bó ṣe máa ń bí mi. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

Ọwọ́ mi tún ṣì.