Àwọn Wo Ni "Wọ́n"?

Oṣù márùn-ún ni Rùkáyàt ti dé Okokomaiko láti Ìṣẹ́yìn, kò sì tíì ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀, Bùràímọ̀ télọ̀, ló mú un wá kí ó lè kàwé l'Ékòó. Bí ó bá la ẹnu ní kíláàsì, ohùn Ìṣẹ́yìn tó ń jáde a máa pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì. Ó rò pé níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, ẹnì kan ò lè dá wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin mọ́kànlá ló bá níbẹ̀, òun ni ìkejìlá. Ọ̀gá wọn, Kápútéènì Ọládipọ̀, ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì ní bárékè Ọ̀jọ́, ní bó bá di ti yúnífọ́ọ̀mù, síkẹ́ẹ̀tì ni o, ṣòkòtò ni o, kí àwọn ọmọbìnrin ṣáà fẹnu kò sí ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n ṣèpàdé, ibà dá Rùkáyàt dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá wò ó. Nígbà tó padà, Precious, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, ló bi léèrè, torí Precious nìkan ló máa ń dá a lóhùn.

"Kí ni wọ́n ní ká wọ̀?"

"Wọ́n ní ṣòkòtò ló máa make sense, torí crawling. Àmọ́..." Kẹ̀kẹ́ dé, Precious kó sínú rẹ̀, ó lọ.

Èdè wa yìí náà kúkú lẹ́bi tirẹ̀. "Wọ́n" la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kan ṣoṣo, "wọ́n" náà la fi ń pe èrò ọjà. Èrò ti Kápútéènì fúnra rẹ̀, tó sọ nípàdé, ni Precious ń sọ; Rùkáyàt gbà pé ìpinnu àwọn ọmọbìnrin ni.

Bùràímọ̀ gé ṣòkòtò náà fúnra rẹ̀. Ó rán ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà ya bí ọmọ òun bá ń fàyà fà. Ó ń kọrin bó ṣe ń lọ̀ ọ́, ó sì ti pẹ́ tí Rùkáyàt ti gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, síkẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ló tò sórí ìlà. Rùkáyàt dúró tì wọ́n, ìtìjú bò ó débi pé kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí.

"Ta ló ní kí o wọ ṣòkòtò?" Kápútéènì bi í.

"Wọ́n ní ká wọ̀ ọ́ ni, sà."

"Àwọn wo ni wọ́n?"

Precious wolẹ̀. Rùkáyàt rò ó pé bí òun bá dárúkọ rẹ̀, òun ò ní ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ náà. Kápútéènì ní kí ó lọ dúró lẹ́yìn àwọn ọkùnrin títí yóò fi rán síkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n fàyà fà, òun ló kọ́kọ́ dópin nínú àwọn obìnrin; orúnkún àwọn yòókù bó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe túká, Precious bá àwọn yòókù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ibi tó wà. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Bàbá rẹ̀ ti ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, téèpù lọ́rùn.

"Rùká, kí ni wọ́n sọ sí aṣọ wa?"

"Wọ́n ní ó bá mi mu gan-an, sà."

Inú Bùràímọ̀ dùn. "Sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀. Màá rán tiwọn náà."

"Màá sọ fún wọn, sà."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, orin tún bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè àwọn wo.