Ẹni Tí Ìyá Onílé Wa Ń Kí Nínú Tábílẹ́ẹ̀tì

Ní Ìbà, ìyá onílé wa kì í kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ kí wọ́n tó fi etí ìró nu tábílẹ́ẹ̀tì wọn, kí wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: “Ẹ káàárọ̀, olówó orí mi.” Fọ́tò ọkọ wọn tó ti kú wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú ìwé wẹ́bùsáìtì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí wọ́n máa ń ṣí sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, igbe ta.

“Yéè! Wọ́n ti lé ọkọ mi jáde!”

Mo sáré wọlé. Wẹ́bùsáìtì náà ti ń ka tábílẹ́ẹ̀tì sí fóònù, ojú ìwé ti fóònù kò sì láyè fún fọ́tò ẹ̀gbẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ojú ìwé ti kọ̀ǹpútà wá, wẹ́bùsáìtì náà kọ̀ jálẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn.

“Èyí tó fẹ̀ bíi tíréè yìí ni fóònù?” ni wọ́n bi mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún bá wọn lórí ìkúnlẹ̀.

“Mà, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.”

“Mo mọ ibi tí wọ́n máa ń wà.”